Ìyá Tó Mọ Ojú Oórì Ọmọ Rẹ̀

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí obìnrin bá bímọ, tó fi òógùn ojú tọ́ ọ, tí ọmọ lọ sójú ogun tí kò padà láàyè, ìjọba á ní àwọn ló ni ín, mọ̀lẹ́bí á ní àwọn ló ni ín, ìyá tó bí i nìkan ni wọ́n á sọ fún pé kó jókòó sẹ́yìn. Ohun tí ojú Oyèfúnkẹ́ rí ní abúlé Oko-Akarè nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò jalè, kò sì pààyàn.

Oyèfúnkẹ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè sí ìpàdé. Epo pupa ló ń ṣe. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ epo mọ̀ pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Wọ́n á se ẹyìn títí á fi rọ̀, wọ́n á dà á sínú kòtò tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, àwọn obìnrin á bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi dé àtàrí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹsẹ̀ Oyèfúnkẹ́ ti pọ́n dé orúnkún, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi rán ọmọ kan ṣoṣo tó bí lọ sílé ẹ̀kọ́. Ghislain ni orúkọ tí àwọn Kátólíìkì fi ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà. Nílé, Ọláyínká ni. Bàbá rẹ̀ kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn.

Nígbà tí ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn láti Oko-Akarè lọ sí kọ́lẹ́jì ní Adja-Ouèrè, tí òjò ń pa á lọ tí oòrùn ń pa á bọ̀, ọmọ Oyèfúnkẹ́ ni. Ọjọ́ tó jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, tó di líyétínà, tó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ gbagidi wọ abúlé, ọjọ́ yẹn ló di "ọmọ wa". Ẹni tó kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ni Fábọ̀dé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ àti olórí ilé, ẹni tí kò fún un ní bàtà kan rí láti kékeré.

Ìgbà tí Ghislain wálé kẹ́yìn, kò jókòó sí ìyẹ̀wù Fábọ̀dé níbi tí wọ́n tẹ́ àga sí dè é. Ó bọ́ bàtà ogun rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ọgbà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì bọ́ sínú kòtò ẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí Sọ̀fíyátù, ọ̀rẹ́ Oyèfúnkẹ́ tí wọ́n jọ ń tẹ ẹyìn, fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá ológun jáde kí òórùn epo má baà bá a dé ojú ogun. Ghislain fèsì pé òórùn epo kò lè pa ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ebi máa pa wọ́n. Ó tẹ ẹyìn náà títí ó fi kúnná, kó tó wẹsẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á, ní òkè Àríwá, létí igbó ńlá tó bá ilẹ̀ àwọn mìíràn pààlà, níbi tí àwọn agbésùnmọ̀mí tó ń pa aláìṣẹ̀ ti ń já wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n gbé pósí rẹ̀ wálé pẹ̀lú àsíà orílẹ̀-èdè lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìwà Fábọ̀dé ti bẹ̀rẹ̀. Àṣà wa ni pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ó sàn kí ọmọ sin ìyá. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ ló ṣáájú, àwọn ènìyàn á di ìyá mú sínú ilé, wọ́n á lọ sin ọmọ níbi tí ojú rẹ̀ kò ní tó, kí ó má baà jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni yóò máa wo ilẹ̀ tó gbé ọmọ rẹ̀ mì. Àánú ni wọ́n fi dá àṣà yẹn sílẹ̀, Oyèfúnkẹ́ kò sì sọ pé kò dára. Ó jókòó sínú yàrá láàárín àwọn obìnrin, ó sunkún, kò béèrè ibi tí wọ́n gbé e gbà. Fábọ̀dé wá fi àṣà náà bo ojú ara rẹ̀. Ó sọ fún àwọn sójà tó gbé òkú wá pé ẹni tí irin pa kì í wọ agbo ilé. Bẹ́ẹ̀ ètùtù wà fún un, gbogbo àgbà ilé ló mọ̀ ọ́n, ó kàn ní wàhálà díẹ̀ nínú ni. Kò ṣe é. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sẹ́yìn oko tíìkì, lọ́nà Tatonnonkon, wọ́n wa ilẹ̀, wọ́n bò ó, wọ́n ri àgbélébùú pákó mọ́ ọn lórí. Àsíà tí wọ́n ká fún mọ̀lẹ́bí, Fábọ̀dé ló gbà á. Ó tẹ́ ẹ bo orí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kí eruku má baà bà á jẹ́.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní tiwa níhìn-ín, àgbà wà lọ́jà, òun gan-an ló sì wọ́ ọ lórí.

Bí Oyèfúnkẹ́ ṣe dé ojú oórì náà, kì í ṣe pé ó wá a lọ. Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ni, ẹyìn wọ́n, ó sì tẹ̀ lé ọkùnrin tó ń bá a kọ ẹyìn kọjá oko tíìkì. Ó bẹ̀rẹ̀ kó kó ẹyìn tó ré sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí àgbélébùú tó ti dagun, orúkọ kan wà lára rẹ̀. Kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń fi òwú pupa kọ orúkọ Ghislain sára aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ tó kù má baà gbé e. Olùkọ́ ló máa ń ya orúkọ náà sórí ìwé fún un, tí á máa wò ó rán an. Kò sí bí kò ṣe ní í dá a mọ̀. Koríko ti bo ibẹ̀ dé ìbàdí, ìgbẹ́ ewúrẹ́ sì wà lórí òkìtì náà.

Kò sunkún. Inú ló bí i, inú náà bí i débi pé ẹyìn tó kó dà sílẹ̀, kò sì mọ̀. Àwọn tó sin ọmọ òun kò wẹ̀yìn wò rárá. Ó padà sílé, Sọ̀fíyátù nìkan ló sọ fún. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ọjà Adja-Ouèrè, bí àwọn ọlọ́kadà zémíjàn bá ti kó àwọn ènìyàn abúlé lọ tán, Oyèfúnkẹ́ á fi aṣọ wé ọkọ́, á gba ẹ̀yìn ilé, á lọ ro ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bó bá ń bọ̀, á ṣẹ́ igi ìdáná rù, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í níbi tó ti ń bọ̀. Igi wá pọ̀ nílé rẹ̀ ju èyí tí iná rẹ̀ lè jó lọ. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Oyèfúnkẹ́ ń múra de òjò ogójì ọ̀sán. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Lọ́dún yìí ni ìránṣẹ́ wá láti mérì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, pé, ní àyájọ́ òmìnira, ọjọ́ kìíní oṣù Ògọ́ọ̀sì, àwọn ológun ń bọ̀ wá gbé òdòdó sí ojú oórì líyétínà Ghislain. Fábọ̀dé gbọ́, òógùn bò ó. Níbo ló fẹ́ mú wọn gbà? Ó ṣebí igbó ti gbé ibẹ̀ jẹ. Ó wá dọ́gbọ́n kan tó ní kò sí àléébù nínú rẹ̀. Sàréè bàbá tó bí Fábọ̀dé, Àlàgbé àgbà, wà níwájú ilé, wọ́n fi kàró, ìyẹn táìlì dídán, bò ó. Fábọ̀dé ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó mú àsíà kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi bo ibi tí wọ́n kọ orúkọ bàbá náà sí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, òdòdó kò sì mọ ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà tó kù gbọ́, wọ́n wolẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Oyèfúnkẹ́ pé kó wọ aṣọ funfun, kó jókòó láàárín àwọn obìnrin, bí ọ̀gá ológun bá wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó sunkún díẹ̀.

Oyèfúnkẹ́ fọ aṣọ funfun náà, ó sá a. Bó bá dákẹ́, iyì ọmọ rẹ̀ á di ti arúgbó tó kú sórí ẹní rẹ̀ ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọdọọdún ni wọn yóò sì máa gbé òdòdó wá síbi tí ọmọ kò sí. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti jẹ́wọ́ pé òun jẹ èèwọ̀. Wọ́n ní ìyá tó mọ ojú oórì ọmọ ti gbà pé kí ọmọ kú. Obìnrin ilé kì í bá irú wọn tẹ ẹyìn nínú kòtò kan náà, bó bá sì kú, agbo ilé kò ní gba òkú rẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ aṣọ funfun, ó lọ jókòó sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.

Kapitéènì tó wá, Armand lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kétu ni, ó ń tiro. Ọwọ́ rẹ̀ kan di òdòdó tí wọ́n hun bí òṣùká mú, ó mú bẹ́rẹ́ àtijọ́ kan, fìlà àwọn ológun, dání ní èkejì. Fábọ̀dé sọ̀rọ̀ títí, ó sọ bí òun ṣe tọ́ akọni. Kapitéènì kò dá a lóhùn púpọ̀. Ó wá ìyá ọmọ lọ láàárín àwọn obìnrin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i.

Ó ní, "Màmá, èmi ni Ghislain padà wá gbé lọ́jọ́ náà. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìbọn, èmi ni mi ò lè rìn. Bẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ nígbà tó gbé mi. Mo fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ ní ìgbèrí rẹ̀, bí ẹ bá lè yá mi lọ́kọ́."

Fábọ̀dé ti sá dé. Ó ní, "Ẹ gbé e lé orí sàréè, ọ̀gá. A ó máa bá a tọ́jú rẹ̀."

Wọn á máa bá a tọ́jú rẹ̀! Bí wọ́n ṣe tọ́jú àsíà. Bí wọ́n ṣe tọ́jú ojú oórì fún àwọn ewúrẹ́. Oyèfúnkẹ́ dìde.

Ó ní, "Ọmọ mi kò sí níbẹ̀."

Fábọ̀dé rẹ́rìn-ín sí kapitéènì, ó ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe obìnrin náà. Ó wá yíjú sí i, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó mọ ibi tí òun yóò ti mú un.

"Ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ọdún méjì ni mo ti ń ro ó, nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ sin ín kò padà débẹ̀."

Àwọn obìnrin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún kúrò. Sọ̀fíyátù kò sún. Ó wọlé, ó gbé ọkọ́ jáde, ó fi lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Oyèfúnkẹ́ ṣáájú, kapitéènì ń tiro tẹ̀ lé e pẹ̀lú òdòdó, àwọn sójà tẹ̀ lé e, abúlé sì tò sẹ́yìn wọn. Ojú ọ̀nà kékeré kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ló mú wọn gbà, ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ló tẹ̀ ẹ́ dán. Fábọ̀dé jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú sàréè bàbá rẹ̀.

Ojú oórì náà mọ́ tónítóní. Kapitéènì gbé òdòdó lé e, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí bí sójà, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún fi ń gbọ̀n. Ó fẹ́ gba ọkọ́. Oyèfúnkẹ́ kò fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló wa kòtò kékeré ní ìgbèrí ọmọ, ó fi bẹ́rẹ́ sí i, ó wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ bàtà, ó gun orí iyẹ̀pẹ̀ náà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ pupa rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọ̀tún, òsì, bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹyìn, títí ilẹ̀ náà fi le. Ibẹ̀ ni omi ti wá bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó sunkún.

Nígbà tí wọ́n padà, kapitéènì ṣí àsíà kúrò lórí sàréè Àlàgbé, ó ká a, ó fi lé Oyèfúnkẹ́ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn. Orúkọ arúgbó náà wà níbẹ̀ gàgàrà, àwọn tó mọ̀wé nínú àwọn àlejò sì kà á.

Lọ́sẹ̀ náà, àwọn àgbà pe ìpàdé, wọ́n ní ó ti jẹ èèwọ̀. Kò lọ. Obìnrin méjì kúrò nínú kòtò ẹyìn rẹ̀. Ó ku òun àti Sọ̀fíyátù, iṣẹ́ ọ̀sán kan wá di ti ọjọ́ méjì. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, kò dúró kí zémíjàn kó àwọn ènìyàn lọ. Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó gba iwájú ilé Fábọ̀dé kọjá, ó kí i, ó lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ojú ọ̀nà yẹn náà ló gbà, kò sì ru igi kankan.