Ẹrù Tí Wùmí Dì Kéré Jù

Wùmí tó ń kọ prógráàmù kọ̀ǹpútà ní Kétu, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, àmọ́ orí kunkun wà níbẹ̀. Èmi Modinat, nọ́ọ̀sì ni mo jẹ́ ní Agboyi lọ́dún 2008, mi ò sì ní sùúrù fún nǹkan ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Wùmí ni pé kí orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ti ọ̀dọ̀ mi lọ sí ọ́fíìsì ní Ogudu, kí wọ́n lè mọ iye abẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi máa gbé wá. Mo ní kí n kàn pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kọ̀ǹpútà làwọn fẹ́. Ìyọnu. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì etí odò wa ò sì dáa. Bí orúkọ ò bá dé, abẹ́rẹ́ ò ní ká gbogbo ọmọ.

Wùmí bá di àwọn orúkọ kan náà lóríṣiríṣi, bí ẹrù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gbé, ó ń wo èyí tó máa fúyẹ́ jù. Ó kọ́kọ́ fi XML, ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà kan, dì í: àkọlé níwájú gbogbo nǹkan, àkọlé lẹ́yìn, bí ẹni tó kọ "iyọ̀" sára ike iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wúwo jù, kò lọ. Ó ní kí Java, èdè tó fi ń kọ prógráàmù, dì í fúnra rẹ̀. Ìyẹn fúyẹ́ díẹ̀, àfi bó ṣe tún di àlàyé ara rẹ̀ mọ́ ẹrù. Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ dì í: kò sí àkọlé kankan, kìkì orúkọ ìyá àti orúkọ ọmọ; èyí tó bá jọra, kó yọ ọ̀kan. Ìyẹn ló lọ fìrì. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ yìn ín.

Àṣé ó kù. Orúkọ ọmọ la fi ń pe àwọn obìnrin wa. Ìyá Ìbejì méjì ló wà lọ́dọ̀ mi, Táíwò àti Kẹ́hìndé sì ni ọmọ àwọn méjèèjì. Prógráàmù rò pé ẹnì kan náà ni, ó yọ ọ̀kan. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, Ìyá Ìbejì kejì dé, kúlà tí wọ́n fi gbé abẹ́rẹ́ wá ti ṣófo. Ó pọn ọ̀kan, ó gbé ìkejì dání, ó ń lọ. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo pe Wùmí, mo sì sọ̀rọ̀ sí i gidi.

Kò bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, òun tó ń bẹ̀rù omi, ó gbé kúlà wọ ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀. A ránṣẹ́ pe Ìyá Ìbejì kejì padà. Wùmí gbé Kẹ́hìndé lé ẹsẹ̀ bí mo ṣe ń gún Táíwò lábẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wá bi ìyá wọn léèrè orúkọ tirẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀.

"Fadékẹ́," obìnrin náà dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bi mí léèrè rẹ̀."

Wùmí fi orúkọ náà kún ohun tí prógráàmù máa máa dì, níbẹ̀ náà. Mo ní ṣé ẹrù ò ní tún wúwo báyìí.

"Ẹ jẹ́ kó wúwo, Aunty," ló dá mi lóhùn.