Ife Omi Tí N Kò Mu

Bí mo bá ní kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo ṣe, àwọn èèyàn a máa retí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì àti irin. Ọ̀rọ̀ ife omi kan ni. Ife oníke aláwọ̀ búlúù ni, wọ́n gbé e ka orí àpótí níwájú mi ní àgbàlá Bàbá Àjàní, ní abà kan lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́, lọ́jọ́ kẹta tí bàbá náà kú. N kò mu omi yẹn. Títí dòní, afárá kan wà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ òpó lásán nítorí rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi, ibẹ̀ náà ni mo ti ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ afárá ọ̀hún. Òyìnbó gígùn kan ni wọ́n fi pe iṣẹ́ mi nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Nígbà tí mo kà á fún ọkọ mi, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni àbí iṣẹ́ pásítọ̀?" Díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì ni. Iṣẹ́ ńlá bí afárá kì í ṣe ti ẹnì kan. Onílẹ̀ wà tí wọ́n ń wa yanrìn lórí ilẹ̀ rẹ̀, awakọ̀ tipa wà tó ń kó o, àwọn ará abà wà tí tipa ń da eruku sí ọbẹ̀ wọn, ẹ́ńjíníà wà, ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde sì wà tó ń wo gbogbo wa bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má bínú nínú wọn débi tí ohun èlò kò fi ní dé. Àwọn awakọ̀ tipa sọ mí ní Ìyá Oníyanrìn, orúkọ náà sì tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi kò dùn sí i nígbà yẹn.

Ọ̀gá Làsísì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, òun ló ń tọ́jú ohun èlò, ó sì ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ bàtà dúdú tó ń dán lọ síbi iṣẹ́. Ó wo bàtà náà, ó mú mi lọ sídìí òkìtì yanrìn méjì.

"Bù ú sọ́wọ́. Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á, kó o wá gbọ̀n ọ́n nù."

Yanrìn àkọ́kọ́ ha mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ́ nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n nù. Èkejì kun ọwọ́ mi bí ìgbà tí mo fọwọ́ pa ògiri ilé alámọ̀.

"Èyí tó ha ẹ́ lọ́wọ́ yẹn, yanrìn ni. Èyí tó kùn ẹ́ lọ́wọ́, amọ̀ ló wọ aṣọ yanrìn. Sìmẹ́ǹtì ò ní dì í mú."

Lẹ́yìn náà ló sọ ẹ̀kọ́ kejì, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé kò ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Bó o bá lọ kí èèyàn, kí i. Bó bá jẹ́ yanrìn lo fẹ́ béèrè, padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Má fi ìrìn kan ṣe méjèèjì."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, epo ọkọ̀ ńkọ́, sà?"

"Epo wọ́n lóòótọ́. Èèyàn wọ́n jù ú lọ."

Yanrìn tó wà nítòsí odò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún amọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń kó yanrìn láti ẹ̀yìn Ọ̀yọ́, lórí ilẹ̀ Bàbá Àjàní. Iléeṣẹ́ mú ìwé lọ bá a, ó tẹ ìka sí i kí inú wọn lè dùn. Nígbà tí wọ́n ti jáde, ó pè mí padà. "Ìka ni mo tẹ̀ sí ìwé tiwọn. Ìwọ ni mo bá sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Mo máa ń mú búrẹ́dì dání, màá béèrè orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, òun náà yóò sì fi oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí, yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọmọ Ajílété, ẹ ò ní kó odò mi lọ tán báyìí?" Bí mo bá fẹ́ béèrè nípa tipa, mo máa ń padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Fún ọdún méjì gbáko, tipa wa kò pàdé igi lójú ọ̀nà abà yẹn rí.

Ní ìhà kejì odò Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí afárá ń lọ, ni Ìyá Rúùtù ń gbé. Gàrí ló ń yan, ìjọ kan náà ni a sì ń lọ. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, odò á kún, àwọn ará oko yẹn á sì há mọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí omi bá jẹ́ kó wá, ìkíni kan náà ló máa ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Ìyá Oníyanrìn, afárá wa ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kan inú mi dùn jù, mo ṣe ìlérí. "Kí òjò ọdún yìí tó dé, Ìyá Rúùtù, bàtà lẹ máa wọ̀ kọjá."

Ó pariwo "Jésù!", ó sì gbá mi mọ́ra. Ó yẹ kí n mọ̀ pé ẹnu mi kò tó ìlérí yẹn ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá ku dída kọnkéré pèpéle, ìyẹn orí afárá tí èèyàn àti mọ́tò máa gùn. A kì í dá pèpéle dúró lágbedeméjì. Bí ti àárọ̀ bá ti gbẹ kí ti ìrọ̀lẹ́ tó dé, méjèèjì kò ní so mọ́ra. Gbogbo yanrìn ní láti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. A fi í sí ọjọ́ Sátidé, nítorí ìkùukùu ti ń ṣú. Yanrìn tipa mẹ́wàá ló kù. Ọjọ́ Túsìdeé ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé Bàbá Àjàní ti kú. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì ti sin ín kó tó di àsìkò ìrun ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ní kí ẹnikẹ́ni má wa yanrìn títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe.

Ẹ́ńjíníà wa, Dáre, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀dọ́ ni, ẹ̀rù sì ń bà á. "Ma, ọjọ́ mẹ́jọ? Ẹ wojú ọ̀run. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo sọ fún Ọ̀gá Làsísì pé mò ń lọ. Ó ń ka àpò sìmẹ́ǹtì, kò gbójú sókè. "Lọ kí wọn. Kí wọn nìkan."

Ní Tọ́sìdeé, mo dé abà náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní káàkiri àgbàlá. Músíbáù, àkọ́bí bàbá, jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dáa."

"Àmín. Ìyá Oníyanrìn, ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Ẹ jókòó, ẹ mumi."

Wọ́n gbé omi wá nínú ife búlúù yẹn. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú báàgì mi. N kò yọ ọ́ wò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Dáre ló ń pè. Ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Ojú Ìyá Rúùtù ni mò ń rí, àti ìkùukùu tó ń ṣú lẹ́yìn òrùlé. Mo gbọ́ ohùn ara mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yanrìn yẹn... Tí tipa mẹ́wàá péré bá lè wọlé lọ́la..."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà yí ojú kúrò lára mi. Músíbáù kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó na ọwọ́ mú ife, ó da omi náà sídìí igi máńgòrò, ó sì fi ife dojú bolẹ̀ lórí àpótí.

"Ẹ ṣeun, madaamu. Ẹ rìn re o."

Kò pè mí ní madaamu rí.

Ọjọ́ kẹjọ kọjá, wọ́n kò ṣí ọ̀nà. Wọ́n gbé ìtì igi dábùú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tipa ní àwọn kò ní wọ ilẹ̀ tí onílẹ̀ ti lé ẹni tó rán àwọn níṣẹ́ jáde, mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Dáre kò kúkú dúró de ọjọ́ kẹjọ yẹn. Láàárọ̀ Sátidé, ó ti rí yanrìn mìíràn nítòsí. Bí tipa àkọ́kọ́ ṣe dà á sílẹ̀, mo bù ú, mo rà á, mo gbọ̀n ọ́n nù. Àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n fún amọ̀. Mo nà án sí Ọ̀gá Làsísì. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

Ó lọ bá Dáre. "Ẹ́ńjíníà, yanrìn yìí ò dáa."

"Ọ̀gá, a máa fi sìmẹ́ǹtì kún un ni. Òjò ti dé tán."

Wọ́n dà á. Ojúlówó pèpéle ló jọ. Ìyá Rúùtù dúró ní ìhà kejì odò, ó ń jó. Nígbà tó pé oṣù kan, àwọn aṣojú ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kọnkéré náà kò ní lè gbé mọ́tò, kí a wó o. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń fọ́ ọ. Ilé mi kò jìnnà síbẹ̀, mo ń gbọ́ ìró òòlù bí mo ṣe ń gúnyán.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Làsísì mú mi lọ sí abà láti lọ bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Músíbáù ló gbé mi dìde.

"Ìyá, ẹ ò mọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá yẹn, a ti ṣèpàdé lórí ẹ̀. Bàbá ti sọ fún wa kí wọ́n tó kú pé a ò gbọ́dọ̀ torí ikú àwọn dá iṣẹ́ ọmọ Ajílété dúró. A ní tẹ́ ẹ bá ti mumi tán, a máa sọ fún yín pé kí tipa máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì."

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Wọ́n dárí jì mí. Wọ́n gbé omi wá, mo mu ún tán. Músíbáù fúnra rẹ̀ wọ́ igi kúrò lójú ọ̀nà, ó sì mú wa lọ sétí odò. Odò ti kún. Omi pupa ń ṣàn kọjá lórí gbogbo ibi tí a ti ń wa yanrìn. Èèyàn ti ṣí ọ̀nà fún wa, omi kò ṣí i.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó padà, ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde ti gbà á lọ́wọ́ wa, kò sì gbé e fún ẹlòmíràn. Wọ́n gbé Dáre lọ sí ibòmíràn. Ọ̀gá Làsísì padà sílé ní Ọ̀yọ́. Èmi gba lẹ́tà ìdádúró tí òyìnbó rẹ̀ gùn tó ti ìgbanisíṣẹ́. Mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sí agbègbè Ọjà Igbó, ìṣó àti ọ̀dà ni mò ń tà. Bí bírikìlà kan bá wá béèrè ibi tí yanrìn gidi wà, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ rà á. Ẹ̀kọ́ kejì kì í tètè yọ lẹ́nu mi.

Ní òjò tó kọjá yìí, àìsàn dé bá ọkọ Ìyá Rúùtù. Wọ́n gbé e wá sétí odò, omi kún, wọ́n gbé e padà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún gbé e wá. Lọ́jọ́ kẹta omi fà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n máa gbé mọ́.

Mo lọ kí Ìyá Rúùtù nígbà tí omi mọ orúnkún. Mo bọ́ bàtà, mo mú un dání, mo gba abẹ́ àwọn òpó kọjá. Mo bá a lórí ẹní, mo jókòó tì í. Wọ́n gbé omi fún mi, mo mu ún dé ìsàlẹ̀ ife. N kò mẹ́nu kan iṣẹ́, n kò mẹ́nu kan odò.

Nígbà tó yá, ó fi etí ìró nu ojú, ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Oníyanrìn, afárá wa ńkọ́?"

Mo wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo wá kí yín ni, Ìyá Rúùtù."