Ojú Tí Mo Máa Ń Dì Wo Pákó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń tẹ̀lé mi níbí nítorí àwòrán ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì, ẹ sún mọ́bí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mo ti ń gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ìtìjú wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí pọ̀ ju ìtìjú lọ, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé káfíńtà ni mí, Òkè-Ṣópìn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Ṣé ẹ ti rí bí káfíńtà ṣe ń yẹ pákó wò kó tó rà á? Á gbé orí pákó náà sókè sójú, á di ojú kan, á fi èkejì wò ó lọ títí dé ìdí, kó lè mọ̀ bóyá ó tọ́ tàbí ó wọ́.

Ojú òsì lèmi máa ń dì. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń dì í, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ojú ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́, ti òsì kàn ń sinmi ni. Ta ló máa ń bi ojú tó ń sinmi pé ṣé àlàáfíà lo wà?

Lọ́jọ́ kan, èmi àti Délé ọ̀rẹ́ mi, tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, lọ ra pákó ní sọ́míìlì. Ẹ̀rọ ń la gẹdú, lẹ́búlẹ́bú pákó ń fò kiri, ó sì wọ̀ mí lójú ọ̀tún. Mo nù ún, mo fọ̀ ọ́, omi ò yéé dà lójú mi. Ẹni tó ń ta pákó ní kí n yára, oníbàárà mìíràn ń dúró. Ni mo bá di ojú ọ̀tún, mo gbé pákó sí ti òsì.

Mi ò rí pákó!

Mo ń sọ fún yín, pákó tí mo fọwọ́ ara mi gbé, mi ò rí i. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mò ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́hùn-ún, lápá ibi etí, ìyókù ṣú. Mo pariwo mọ́ Délé pé ta ló dúró síwájú mi, kó sọ fún un kó yà. Délé ní kò sẹ́ni tó dúró síwájú mi.

Mo gbé pákó yẹn sílẹ̀, mo ní mi ò rà mọ́, mo sì lọ sílé.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń dán ara mi wò níkọ̀kọ̀. Mo máa di ọ̀tún, máa fi òsì wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, máa tún di òsì. Sẹ̀kí ìyàwó mi ká mi mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Ó ní kí ló dé tí mò ń ṣẹ́jú sí obìnrin inú kàlẹ́ńdà, ṣé òun ò tó mi mọ́ ni? Ẹ̀rín pa òun. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì kan ládùúgbò ní òun máa bá wa fún ewé kan sójú náà. Sẹ̀kí dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó máa fún ewé sójú ọkọ òun. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a wọkọ̀, ó di ọsibítù.

Wọ́n kán nǹkan sí mi lójú, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn pì sí i, wọ́n tan iná wo inú rẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn. Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, wọ́n bo ojú ọ̀tún, wọ́n fi bọ́tìnnì sí mi lọ́wọ́. Nígbàkígbà tí mo bá ti rí iná kékeré, kí n tẹ̀ ẹ́.

Mo dúró. Mo dúró títí. Mo wá bi nọ́ọ̀sì pé ṣé wọn ò tíì tan ẹ̀rọ náà ni?

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, Bàbá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, iná ń tàn níwájú mi, ó ń tàn, ó ń kú, èmi jókòó síbẹ̀ tí mò ń retí ẹ̀.

Dókítà tó rí wa, obìnrin ni, ọmọ tí mo lè bí. Ó ṣàlàyé fún wa pé omi kan wà nínú ojú èèyàn tó yẹ kó máa ṣàn jáde. Tèmi kì í jáde dáadáa, ó ń kún, ó sì ń tẹ iṣan tó ń gbé ohun tá a rí lọ sínú ọpọlọ. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣan náà ń kú. Gílókómà ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í dunni, kì í pọ́n, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè hàn séèyàn.

Ó wá bi mí pé ta ló fọ́jú nílé wa.

Bàbá mi! Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ní oko Jápárà. Wọn ò tíì pé ọgọ́ta ọdún tí ojú wọn fi lọ. Àgbà ló dé, ohun tí gbogbo wa sọ nìyẹn. Àwọn kan nínú ẹbí tilẹ̀ ní aládùúgbò wa kan ló wà nídìí ẹ̀, wọn ò sì kí ọkùnrin yẹn mọ́ títí bàbá fi kú. Bàbá á fọwọ́ tọ ògiri lọ sílé ìwẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá dún, wọn á béèrè pé ta nìyẹn. Èmi ọmọ wọn náà, wọ́n ń bi mí pé ta nìyẹn.

Dókítà ní kì í ṣe àgbà, kì í sì í ṣe aládùúgbò. Inú ẹbí ni àrùn yìí máa ń rìn. Ó ní èyí tó ti lọ lójú òsì ti lọ nìyẹn, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ti ọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn ló lè dá a dúró, ẹ̀kán kan láàárọ̀, ẹ̀kán kan nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, títí ayé. Ó tún ní bí mo bá lọ́mọ, kí n mú un wá. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo ṣe é dáadáa o! Oṣù mélòó kan, mi ò fo ẹ̀kán kan. Ẹ̀rù ń bà mí ju kí n gbàgbé lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ báyìí.

Ààwẹ̀ Ramadan dé. Lọ́jọ́ kìíní, a ti jẹ sààrì, a ti kírun, aago méje lù, mo kán oògùn sójú bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́, mo tọ́ ọ wò lọ́nà ọ̀fun. Ó korò! Mo dúró gbagidi sáàárín yàrá. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé Mudá, ààwẹ̀ ẹ ti bàjẹ́. Láti kékeré tí mo ti ń gbààwẹ̀, ẹyọ kan ò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, ìyẹn náà sì jẹ́ ohun tí mo fi ń yangàn.

Ṣé mo bi ẹnì kan? Rárá o. Èmi fúnra mi ni Imáàmù, èmi fúnra mi ni dókítà. Mo ju ìgò oògùn sínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo ní lẹ́yìn ìṣínu nìkan ni n ó máa kán an.

Àmọ́ ẹ mọ bí ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀ ṣe ń rí. Èèyàn á ṣínu, á kírun, á tún lọ kí ìrun Àṣámù ní mọ́ṣáláṣí, á padà dé tòun ti oorun lójú. Ọjọ́ kan fò, èkejì fò, mo bá gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Ojú ò sì dùn mí! Ká ní eyín ni, eyín ì bá ti rán mi létí. Sẹ̀kí bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé mò ń kán oògùn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò rí mi bí, ẹni tí kò fẹ́ kí ààwẹ̀ bàjẹ́, òun ló ń purọ́ tí oòrùn ò tíì wọ̀!

Lẹ́yìn Ìtunu ààwẹ̀, èmi àti Délé gba iṣẹ́ òrùlé kan ní ìlú Òrù. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, kò sí ìkùukùu kankan. Mo wà lókè, mo gbé ẹsẹ̀ láti orí igi kan sí èkejì. Igi tí mo rò pé mò ń tẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀, ara mi tẹ̀lé e. Délé gbá mi lápá mú, èmi náà fi apá kejì há igi, mo so kọ́ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ jìn, búlọ́ọ̀kù ló sì wà níbẹ̀. Délé ń pariwo pé, "Mudá, kí rèé? Àlàfo nìyẹn kẹ̀! Ṣé o ò rí i ni?"

Mi ò rí i lóòótọ́. Nígbà tó fà mí gòkè, mo wo iwájú, mo sì ṣàkíyèsí pé mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi àfi tí mo bá tẹrí ba pátápátá. Ìgbà wo ni ibẹ̀ yẹn lọ? Ta ló mú un lọ?

Wọ́n ràn mí lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sórí yanrìn. Gbogbo ohun tí mo rí lọ́kàn ni ọwọ́ bàbá mi lára ògiri. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún Délé. Kò bú mi. Ó kó irinṣẹ́ wa jọ, ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, a sì darí sílé.

Nígbà tí mo padà sí ọsibítù, dókítà yẹn gbé ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tó dúdú lójú ọ̀tún ti fẹ̀ sí i. Ó bi mí léèrè, mo ṣàlàyé. Ì bá sàn kó pariwo mọ́ mi! Ó kàn yọ awò ojú rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ní oògùn ojú ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Mo ní mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ó wá kọ́ mi pé tí mo bá ti kán an tán, kí n pajú dé, kí n fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún bí ìṣẹ́jú méjì. Kò ní lè sọ̀kalẹ̀ sọ́fun. Ìka kan péré!

Mo lọ bá Imáàmù àdúgbò wa. Wọ́n ní ojú kì í ṣe ọ̀nà oúnjẹ, ẹ̀kán oògùn ò ba ààwẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní bó tilẹ̀ bà á jẹ́, ṣebí Ọlọ́run fún aláìsàn láyè láti gbà á padà lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ojú ńkọ́, Mudaṣírù? Ọjọ́ wo lo máa gba ìyẹn padà?" Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn.

Rófíà nìkan lọ́mọ tí Ọlọ́run fún wa, ó wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ti ń sún àyẹ̀wò rẹ̀ síwájú, mo ní ọmọdé ni, kí ló kàn án? Lọ́tẹ̀ yìí, Sẹ̀kí ló lọ mú un. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Omi inú ojú rẹ̀ ti ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, ní ojú méjèèjì.

Òun ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tá a dé ibí, ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Dádì, ṣé dandan ni kí èyí wà nínú ẹ̀?" Mo ní dandan ni, ọmọ mi.

Ẹ̀rù tèmi, mo ti ń bá a gbé. Mi ò gun òrùlé mọ́, ilẹ̀kùn àti àga ni mò ń ṣe nílẹ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, mo kọ́kọ́ máa ń wá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá bóyá wọ́n ṣì pé. Ṣùgbọ́n ti Rófíà, ṣe ló dà bíi kí n yọ ojú mi tó kù fún un. Dókítà ní iṣan rẹ̀ ò tíì kú rárá, ó ní a bá a nígbà tó yẹ, ó sì fún òun náà ní oògùn tó ń kán. Aago méje àárọ̀ báyìí, ó máa pè mí láti Àgọ́-Ìwòyè. Kò sí ẹni tó máa pa fóònù títí àwa méjèèjì ó fi kán tiwa tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò gùn. Àìsàn tí kì í dunni ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ bi dókítà, ẹ bi Áfáà tàbí Pásítọ̀ yín. Wọn ò ní nà yín.

Ṣé ó ti ṣe ẹ̀yin náà rí? Ta ló fọ́jú nínú ẹbí yín tí gbogbo yín ní àgbà ló dé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á, Rófíà á kà á fún mi. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé fóònù, kẹ́ ẹ pe àwọn ọmọ ẹni náà pé kí wọ́n lọ yẹ ojú wọn wò.