Ọmọ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Pọ̀n Wá sí Kíláàsì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọ náà, ẹ̀yìn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló wà, ó sùn fọnfọn, orí rẹ̀ kékeré yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọbìnrin tó pọ̀n ọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kò wọlé.

"Mùsíyè, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wọlé báyìí?"

Bí a ti ń pe olùkọ́ nílẹ̀ wa nìyẹn, lẹ́nu Faransé. Mo ní kó wọlé, kó jókòó. Kò lè jókòó, nítorí bó bá jókòó, ọmọ á jí. Ó fara ti ògiri, ó ń mi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọ ohun tí mò ń sọ sórí bébà tó tẹ́ sí ojú fèrèsé.

Ìfọ̀nyìn nìyẹn, tí àwọn ará ọ́físì ń kọ ní Ifangni, ní àwọn ọdún tí òmìnira ṣì tuntun lára wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dákàr dé ni. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni sosiolojí, ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀: ìdílé, ìgbéyàwó, ogún, iṣẹ́, ìsìnkú. Ìlú wa kò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe báàkì, ìdánwò ńlá tó ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì fún ènìyàn, Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, ló ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan wà tí nǹkan ilé kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé Àjàṣẹ́ mọ́. Wọ́n padà wálé nígbà tó ku kíláàsì ìkẹyìn, wọ́n sì fẹ́ fúnra wọn jókòó fún ìdánwò náà. Àlùfáà ìjọ wa yá wa ní yàrá kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọdé bá ti lọ tán, a ó há ara wa sórí bẹ́ǹṣì kúkúrú wọn, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, màá sì bẹ̀rẹ̀.

Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Òun nìkan ni obìnrin, láti Daagbé, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dá oko ọ̀pẹ. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìdánwò, ìyá rẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Kí wọ́n tó rí mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Ọmọ yè. A lọ kí wọn nílé, ṣùgbọ́n a ò rí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ó wà lọ́dọ̀ ìyálọ́mọ kan ládùúgbò tó ń fún un lọ́mú. Ìyá bàbá rẹ̀ ló gbà wá lálejò. Lójú wa ló pe ọmọbìnrin náà, tó sọ fún un pé, "Ìwọ ni ìyá rẹ̀ báyìí." Ọmọbìnrin náà dorí kodò, ó ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé a kò ní rí i ní kíláàsì mọ́, àfi bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ka ìwé Faransé kan fún wọn, ìwé náà ní ìdílé ni bàbá, ìyá, àti àwọn ọmọ wọn. Ọmọbìnrin náà nawọ́.

"Mùsíyè, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi àti ọmọ yìí, kí ni wá?"

Èyí tó ga jù nínú àwọn ọkùnrin dá a lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yín."

"Ìyá ló ń pè mí."

"Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀?"

"Ó ń pè mí."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mo pa ìwé náà dé, a sì jọ fa ọ̀rọ̀ yìí títí oòrùn fi wọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè ráyè kọ̀wé dáadáa. Èyí tó ga yẹn a máa gbé e lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa kọ orin ìjọ sí i létí. Àwa tí a wà nínú ilé a máa gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn burúkú ni, ṣùgbọ́n ọmọ a máa sùn. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà. N kò tíì rí kíláàsì kan tí ìfẹ́ wà nínú rẹ̀ bíi ti ìgbà yẹn.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ di ohun tí a ń dààmú lé lórí. Ọmú ìyálọ́mọ àdúgbò yẹn ti ń gbẹ, wàrà agolo sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ìyá àgbà ló yanjú rẹ̀. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi. Àwọn tí mo tọ́ dàgbà wà níbẹ̀ tí wọn ń rìn. Ìyá rẹ fẹ́ kí o ka ìwé yìí parí. Lọ parí rẹ̀."

Èmi ni mo sìn wọ́n lọ sí Àjàṣẹ́. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi la sùn sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà lọ ra wàrà agolo ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Síríà. Àpótí rẹ̀ ti kún, ó bẹ̀ mí kí n bá a fi í sínú tèmi. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sísàlẹ̀ àpótí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti wọlé ìdánwò, mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Kó tó sún mọ́ mi ni mo ti mọ̀ pé bàbá ọmọbìnrin náà ni.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi. "Ọmọ ti lọ."

"Ó lọ síbo?" Ẹnu mi sọ ọ́ kí etí mi tó gbọ́ ohun tó wí.

"Gìrì ni. Àná, kété tí ẹ lọ tán. A ti sin ín." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ìyá mi ní ẹ̀yin ni kí n wá sọ fún, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kó má gbọ́ títí yóò fi kọ̀wé tán. Ó ní ìyá ti lọ, ọmọ ti lọ, kí ìwé náà má bá wọn lọ."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́, Bàbá? Kí lẹ fẹ́?"

Ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà. "Ṣé inú ibẹ̀ yẹn ló wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó dúpẹ́, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Kò dúró títí wọ́n fi jáde. Bóyá ó mọ̀ pé tí ojú àwọn méjèèjì bá ṣe mẹ́rin, ojú òun á sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọbìnrin náà ló ṣáájú, ó ń sáré.

"Mùsíyè, ìdílé ni wọ́n bi wá lé lórí! Wọ́n ní ṣé Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, àbí ènìyàn ló tò ó bẹ́ẹ̀. Mo kọ nípa ọmọ mi. Mo kọ ọ́ títí bébà fi kún."

Mo ní, "Ó dára." Ohùn ẹlòmíràn ló jáde lẹ́nu mi.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé àkàsà àti ẹja díndín kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà jẹun dáadáa. Ó wò mí, ó ní, "Mùsíyè, ẹ ò jẹun. Ṣé ara yín le?" Mo ní oòrùn ló mú mi. Ó lọ bu omi tútù wá fún mi. Títí ìdánwò fi parí, ìgbàkígbà tó bá ti dárúkọ ọmọ náà, màá wá nǹkan kan wò nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé ìkẹyìn, mọ́tò tí yóò gbé wa padà ti ń dún níta. Ọmọbìnrin náà wọlé wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Mùsíyè, ẹ gbé wàrà yẹn fún mi, kí n má gbàgbé rẹ̀."

"Jókòó ná."

Kò jókòó. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. "Ṣé Ìyá àgbà ni?"

"Rárá."

"Bàbá mi?"

Mo mi orí pé kì í ṣe òun. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ tún ọ̀já so, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo ni. Mo sọ fún un.

"Ìgbà tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ó ti wà nínú ilẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Nínú mọ́tò, èyí tó ga nínú àwọn ọkùnrin náà sunkún láti Àjàṣẹ́ dé Daagbé, ó bo ojú mọ́ apá. Ọmọbìnrin náà kò sunkún. Ìyá àgbà ti dúró létí títì. Bí ó ti sọ̀kalẹ̀ ló kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, ìyá sì gbá orí rẹ̀ mọ́ ikùn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ. Èmi ni kí o bínú sí." Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ igbe ọmọbìnrin náà.

Ó yege. Nínú àwọn ọkùnrin náà, ẹnì kan ṣoṣo ló tún yege. A kò ṣe àjọyọ̀. Wọ́n fún ọmọbìnrin náà níṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú kan lókè lọ́hùn-ún, ó sì wá dágbére fún mi kó tó lọ. Ó dúró ní àgbàlá, kò fẹ́ wọlé.

"Mùsíyè, ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ṣé màá ti lè kọ ìyókù?"

"N kò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀." Ó wo ilẹ̀. "N kò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ojú yín, ṣe ni mo máa ń rí ara mi níbi tí mo ti ń jẹ ẹja yẹn. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín tí n kò bá wá kí yín mọ́."

Mo ní kò ní dùn mí. Irọ́ ni.

Kò sì wá mọ́. Mo máa ń pàdé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà Ìfọ̀nyìn. A ó bọ ara wa lọ́wọ́, màá bi í léèrè oko, á ní ọ̀pẹ so lọ́dún yìí, tàbí pé kò so. Màá bi í léèrè ọmọbìnrin rẹ̀, á ní ara rẹ̀ le, wọ́n ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, oníkálukú wa á bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.