Orúkọ Àwòdì Kẹta

Ìyá Wáyà kì í fọwọ́ sí ohun tí ojú rẹ̀ ò bá rí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń tún bàálù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù pákó tó wà létí pápá bàálù yẹn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò mọ̀ pé obìnrin náà ò gba gbẹ̀rẹ́. Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń fò níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi okùn fà sókè, tí yóò wá máa ràbàbà lórí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Àwòdì lórí rédíò: Àwòdì Kìíní, Àwòdì Kejì, títí dé Kẹsàn-án.

Òfin tuntun wá dé. Wọ́n ní bàálù tí kò bá ní tiransípọ́ńdà kò gbọdọ̀ fò kọjá ìwọ̀n kan sókè. Àpótí kékeré ni tiransípọ́ńdà yìí. Bí rédà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run, bá bi í pé "ta nìyẹn?", òun ni yóò dáhùn, yóò sọ orúkọ ọkọ̀ àti bó ṣe ga tó, kí àwọn tó ń darí bàálù nínú ilé gogoro lè rí i, kí bàálù ńlá má bàa rọ́ lù ú. Orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹni tó bá de àpótí náà mọ́ ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ orúkọ náà sínú rẹ̀.

Àbúrò Ìyá Wáyà ló máa ń fo Àwòdì Kẹta. Ó di ọdún méjì tí ọkọ̀ náà já bọ́ sínú igbó, tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwókù ọkọ̀ ọ̀hún wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Wáyà ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àpótí tí àbúrò rẹ̀ ti rà sínú ẹ̀ kí òfin tó dé nìkan ni kò fọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni olóògbé fi sílẹ̀, obìnrin ni. Tínrín ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ dáadáa, á gbé e lọ. Òun náà ti di awakọ̀, Àwòdì Kẹsàn-án ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó wọlé wá bá Àǹtí rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àpótí Dádì sínú ọkọ̀ mi. Sátidé ni ìdíje."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé gílóòbù iná lo pè é ni, tí wọ́n á kàn yí sójú ẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe gílóòbù. Ìyẹn ni mi ò ṣe lọ bá ẹlòmíì."

Ìyá Wáyà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ó lu irin tí àpótí náà yóò jókòó lé, ó de áńtẹ́nà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ó sì fi bátìrì kejì kún un, torí ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ò ní nǹkan tí yóò cháàjì bátìrì lókè. Ó gbé gbogbo ọkọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí wáyà kan tí kò fà wò.

Ó wá ku ìlà ìsàlẹ̀ ìwé àṣẹ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí ọkọ̀ tó lè fò: *mo ti pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, mo ti kọ tuntun.* Ó tan àpótí náà. Iná pupa hàn lójú rẹ̀: ÀWÒDÌ KẸTA.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì rí orúkọ yẹn níbi tó ti ń tàn. Bọ́tìnì kan péré ló kù kó tẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ ẹ́, ó dà bíi pé òun gan-an ló fẹ́ bo àbúrò òun mọ́lẹ̀. Ó ní òun á ṣe é láàárọ̀ Sátidé, kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó pa iná, ó fọwọ́ síwèé, ó lu òǹtẹ̀. Yéè! Ẹni bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò ń ṣú bọ̀, wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ tètè gbéra. Kí Ìyá Wáyà tó dé, Tínrín ti lọ sókè. Ìyá Wáyà ń tu ara rẹ̀ nínú pé orúkọ lásán ni, kí ló fẹ́ ṣe? Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ìkùukùu ń sún mọ́ òrùlé.

Fóònù dún.

"Ẹ káàsán, mà. Ilé gogoro ni mo ti ń pè. Mò ń rí Àwòdì Kẹta lójú rédà, ó dojú kọ bàálù akérò tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Mo pè é títí, kò dáhùn. Àwọn ará ibí ní ọkọ̀ yẹn ti fọ́ tipẹ́, pé ẹ̀rọ mi ló ń ṣe ségesège. Ṣé lóòótọ́ ni, mà?"

Bó bá ní lóòótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ṣe. Kò tiẹ̀ rò ó.

"Kẹsàn-án ni! Pè é ní Kẹsàn-án! Ọmọ mi ló wà níbẹ̀!"

"Kẹta ló ń jẹ́ níbí o, mà."

"Èmi ni mo fi orúkọ òkú sílẹ̀ fún un! Èmi ni mo lu òǹtẹ̀! Pè é, mo bẹ̀ ọ́!"

Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń pariwo: "Àwòdì Kẹsàn-án, yà sí òsì! Yà sí òsì kíákíá!" Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bàálù ńlá bú ramúramù kọjá lókè, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, Ìyá Wáyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ kí ohùn náà tó padà.

"Wọ́n ti kọjá ara wọn, mà."

Nígbà tí Tínrín balẹ̀, ó bá Àǹtí rẹ̀ lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà ló ń kọ sí àwọn aláṣẹ, ó ń fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn wọ́n. Ó ti fi bébà dì òǹtẹ̀ rẹ̀ láti dá a padà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ tì í.

"Àǹtí, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Dádì."

Ìyá Wáyà ju bírò sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n pè é. 'Àwòdì Kẹta, yà sí òsì.' Mo gbọ́ ọ kedere. Mi ò yà, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè."

Ìyá Wáyà dìde, ó dì mọ́ ọmọ náà, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí ọkọ̀, ó tan àpótí náà, ó sì tẹ bọ́tìnì. Ó dúró síbẹ̀ títí orúkọ náà fi lọ.