Ewé Tó Ń Kírun Nílé Wa

Nígbà tí ọkọ mi padà sí Ẹ̀jìgbò láti Abidjan, ní nǹkan bí ọdún 1986, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ náà wà lórí ọkọ̀, ṣùgbọ́n igi kékeré kan tí wọ́n gbìn sínú garawa, orí itan ló gbé e sí láti ọ̀hún títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́ta fún un, n kò rántí ọjọ́ tó gbé ọ̀kankan nínú wọn sórí itan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Màdáàmù kan tó ń ránṣọ fún níbẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ. Ewé rẹ̀ gbòòrò bí ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, àmọ́ ó ní ilà funfun lójú bí ẹni pé wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kùn ún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò. Ìyá ọkọ mi yí i po, ó béèrè ìgbà tí yóò tó já. Ọkọ mi fa garawa náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní oòrùn kò gbọdọ̀ kàn án, pé abẹ́ igi ńláńlá ló ti ń hù nínú igbó tirẹ̀. Ó wá gbé e sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ wa ní apá ìlà-oòrùn, níbi tó jìnnà sí fèrèsé. Aṣọ tútù ló fi ń nu ewé rẹ̀ láràárọ̀. Omi tó ti sùn mọ́jú nìkan ni igi náà ń mu. Gbogbo ìlú ń gbé àdá kí igbó má baà wọlé, ọkọ tèmi ń kí igbó káàbọ̀ sí pálọ̀.

Ohun tó sọ ewé náà di gbajúmọ̀ ni pé, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò gbé gbogbo ewé rẹ̀ sókè, yóò kó wọn jọ bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe àdúà. Tó bá di àárọ̀, yóò tún tẹ́ wọn sílẹ̀. Ọkọ mi ní àwọn ará Abidjan ń pè é ní igi tó ń gbàdúrà. Àdúgbò wa kò fi mọ síbẹ̀, wọ́n ní ìrun Mọ̀gàríbì ló ń kí. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà ọkọ mi fi ń wá jókòó wò ó nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń búra pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ mi á nawọ́ sí garawa náà bí ẹni ń fi ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè hàn: "Voilà. Kì í pa á jẹ rárá."

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ kì í kírun. Abidjan ló ti pa á tì, ó ní Ọlọ́run mọ ọkàn òun. Bàbá mi sì rèé, ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní òdìkejì ìlú. Ní Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọkọ mi dé, bàbá mi bi í pé kí ló dé tí òun kò rí i ní yídì, ó ní oorun ló gbé òun lọ. Ọjọ́ náà ni bàbá mi ti sọ pé òun kò ní jẹun mọ́ nílé tí baálé rẹ̀ kì í kírun. Bó bá wá kí mi, orí bẹ́ǹṣì aládùúgbò ló ń jókòó sí. Omi lásán, kò mu ún lọ́wọ́ mi. Èmi àkọ́bí rẹ̀, tí mo ti ń gúnyán fún un kí ọmú tó yọ láyà mi. Ó dùn mí wọra.

Mo kojú ọkọ mi. Mo ní, "Ewé ń kírun nílé yìí, ẹ̀yin ń gbọ́ rédíò."

Ó ní, "Ṣé o rí i kó lọ sí mọ́sálásí? Inú ilé ló jókòó sí tó ń kí tirẹ̀. Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn."

Mo bá ọ̀nà ilé ìdáná lọ.

Ọyẹ́ wá dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mẹkáníìkì tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa sáré wá bá mi nílé ìdáná. "Ẹ kú oríire o. Mo rí bàbá àwọn ọmọ yín látojú fèrèsé, wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n tẹrí ba." Lọ́jọ́ kejì, ó tún rí i. Mo pa àkùkọ kan fún ọkọ mi, mo bú itan méjèèjì fún un. Lọ́jọ́ kẹta ni mo yọ́ lọ síbẹ̀ kí èmi náà fi ojú ara mi rí i. Lóòótọ́, ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Òwú àwọ̀ ewé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọyẹ́ ti mú kí ewé náà rọ jọwọrọ, kò lè gbé ara rẹ̀ sókè mọ́, ọkọ mi ló ń so wọ́n pọ̀ níkọ̀ọ̀kan kí àwọn àlejò tó dé.

"Jọ̀wọ́, má dójú tì mí," ló sọ fún mi. "Gbogbo ayé ni mo ti sọ fún pé kì í pa á jẹ."

Inú bí mi débi pé ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu mi. Ọkùnrin tí kò ráyè kúnlẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́ kí ewé má baà di kèfèrí. Ṣùgbọ́n n kò tú u fó. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń kí mi kú oríire, àmín ni mo ń ṣe, mo gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Mo rò ó pé bí òfófó náà bá dé etí bàbá mi, bóyá yóò wọlé mi.

Ó sì dé etí rẹ̀. Ní ọjọ́ Alámísì kan, bí ládàánì ṣe pè ni mo rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú búútà rẹ̀. Kò yà sọ́dọ̀ aládùúgbò.

"Wọ́n ní ọkọ rẹ ti ń kírun," ló wí. "Mo ní kí n wá bá a kí i."

 N kò lè ní kó wọlé, n kò sì lè ní kó dúró. Ó bọ́ bàtà, ó kọjá lára mi.

Ọkọ mi wà níbi tó máa ń wà. Ewé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti so méjì, òwú yòókù wà láàárín eyín rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn láti orí ìkúnlẹ̀. Bàbá mi wo garawa náà. Ó wo ewé tó wà nínú òwú, ó wo èyí tó rọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè yí padà lọ́jọ́ náà, kò tún ní wá mọ́.

"Ṣé o ti ṣe àlùwàlá?"

Ọkọ mi mirí pé rárá.

Bàbá mi gbé búútà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. "Yọ òwú ẹnu rẹ ná."

Wọ́n jọ kírun náà parí. Mo wà nílé ìdáná, mo ń gúnyán, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé láti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ọkọ mi fi òkèlè kan kan ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá mi wò ó, ọkọ mi gbé e mì. Bàbá mi jẹ tirẹ̀ tán, ó nu àwo ọbẹ̀ náà mọ́, ó ní kí n fi díẹ̀ kún un.