Bàbá Tó Gba Ẹ̀bùn Dípò Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀gá wa ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn l'Ákùúrẹ́ ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ẹ̀ka kan ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí òṣèlú àti ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè ṣe wọnú ara wọn, fẹ́ kí aráyé gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ wọn ti gbé ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé-ìwé lọ́wọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìdíje àríyànjiyàn lórí gbèsè tí orílẹ̀-èdè ń jẹ ara wọn. Tiwọn kò ṣòro. Mo bá wọn nínú kíláàsì, gbogbo wọn ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti jáde ni wàhálà wà. Ọ̀kan wà ní báńkì ńlá kan lókè òkun, ọ̀kan ń kọ́ni ní Kánádà, ọ̀kan ń bá ìjọba ilẹ̀ mìíràn ṣiṣẹ́ lórí owó ibodè. Kò sí èyí tó wà nítòsí tí mo lè ya fọ́tò rẹ̀.

"Lọ bá àwọn òbí wọn," ni ọ̀gá mi wí. "Òbí kì í lọ síbì kankan."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ti ilé dé ilé nìyẹn, tí mò ń kí àwọn àgbàlagbà kú oríire. Nílẹ̀ wa, bí ọmọ bá ṣe ohun ńlá, àwọn òbí rẹ̀ là ń lọ bá yọ̀, wọn a sì wá nǹkan fún àlejò mu. Mo mu málíìtì púpọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Pálọ̀ kan jọ èkejì: àwòrán ọmọ tó dé fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́yege lára ògiri, àga tí wọ́n fi aṣọ bò, ìyá kan tàbí bàbá kan láàárín gbogbo rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, màá padà sí yàrá mi ní àdúgbò Arakale, l'Ákùúrẹ́. Èmi náà ń dá gbé nígbà yẹn. Iṣẹ́ ìjọba ti gbé ìyàwó mi lọ sí Àbújá, àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá pè mí, màá ní àlàáfíà ni mo wà.

Bàbá tí mo lọ rí kẹ́yìn ń gbé ní Oǹdó. Ọmọ wọn obìnrin gan-an ni ẹ̀ka náà ń fi yangàn jù. Ó kọ ìwé kan nípa àwọn tó ń fi iye lé kòkó, wọ́n sì ń fi ìwé náà kọ́ni káàkiri. Àjọ kan tó ń rí sí òwò láàárín orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ní Yúróòpù. Ẹ̀ka náà fi àwo ìdánilọ́lá onígíláàsì rán mi sí bàbá rẹ̀.

Ọ̀kadà já mi sílẹ̀ níwájú ilé. Wọ́n jókòó lóde, lábẹ́ òrùlé iwájú. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn kò mira. Ìgbà tí mo lanu kí wọn ni wọ́n tó yíjú.

"Ìwọ ni oníròyìn? Káàbọ̀."

Obìnrin aránṣọ tó yá yàrá iwájú wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó ní, "Bàbá, ẹ tún ti wọ ẹ̀wù yín sódì."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ló mọ́ jù."

"Tó bá jáde nínú ìwé ìròyìn ńkọ́? Wọ́n á ní aránṣọ tó wà nílé yín kò mọ iṣẹ́."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó bá wọn yí ẹ̀wù náà padà. Bàbá wá rọ málíìtì sí ife fún mi. Bí wọ́n ti ń rọ ọ́, ìka wọn kan wà nínú ife, tí wọ́n fi ń mọ ibi tó kún dé. Mo gba ife náà, mo mu ún.

Mo bi wọ́n bí ọmọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Kòkó ni mò ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà tí mo lágbára," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ̀ ti kú, èmi ni mò ń gbé e kiri. Orí àpò kòkó ló máa ń jókòó. Lọ́jọ́ kan ó ní, 'Bàámi, ta ló ń sọ iye tí kòkó jẹ́?' Mo ní rédíò ni. Ó ní, 'Ta ló wá ń sọ fún rédíò?' Mo ní kó lọ bá mi bu omi wá."

"Ó lọ?"

"Ó bu omi wá. Ó tún bi mí."

Fóònù wọn dún. Aránṣọ ló bá wọn tẹ̀ ẹ́, ohùn ọmọ náà sì jáde síta.

"Bàámi, ẹ kú ilé. Ara yín ńkọ́?"

"Ara le koko."

"Ojú tó ń yọ yín lẹ́nu ńkọ́?"

"Ó ti san. Mo ti ń ka Bíbélì mi."

Aránṣọ tẹ orí ba, ó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ kíkankíkan. Nígbà tí ìpè náà parí, mo ní, "Bàbá, ẹ kò rí mi níbi tí mo jókòó yìí."

"Ojú ọ̀tún ti kú. Ti òsì, bí ẹni tó wà nínú èéfín ni. Wọ́n ní òun náà ò ní pẹ́ kú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi wá iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí. Bí mo bá sọ, yóò fi í sílẹ̀, yóò wá jókòó tì mí. Kí ló máa wá ṣe ní Oǹdó?"

"Ẹ ò wá fẹ́ rí i?"

"Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí gbogbo rẹ̀ tó ṣókùnkùn. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́."

Mo ní n kò ní kọ ọ́.

Mo gbé àwo ẹ̀ka náà lé wọn lọ́wọ́, mo sì ya fọ́tò. Nínú ọ̀kan, aránṣọ dápàárá, wọ́n fi ẹ̀rín dijú. Nínú èkejì, wọ́n gbé àwo náà sáyà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi sì rèé níwájú wọn gan-an.

L'Ákùúrẹ́, mo kọ ìròyìn náà. Kòkó wà níbẹ̀, rédíò wà níbẹ̀, ojú kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá mi gbé fọ́tò méjèèjì síwájú.

"Eléyìí tí wọ́n ti fi ẹ̀rín dijú ló dára. Nínú èkejì yìí, ta ni wọ́n ń wò?"

"Ẹ bá mi lo èkejì, sà."

"Nítorí kí ni?"

"Àwo náà hàn dáadáa nínú rẹ̀."

Ó fi í sínú ìròyìn náà.

Ẹ̀ka náà gbé ìròyìn wa sórí ìkànnì wọn. Ìkíni rọ́ wọlé láti gbogbo ayé. Ẹ kú oríire, Bàbá. Bàbá rere. Bàbá àwa náà. Mo ka gbogbo rẹ̀ nínú yàrá mi ní Arakale. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí bàbá ń wò.

Ọmọ náà pè mí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò kí mi pẹ́.

"Níbo ni ẹ dúró sí nígbà tí ẹ ya bàámi?"

"Iwájú wọn ni."

Ó ní, "Ó ti tó ìgbà wo?"

"Bàbá yín ni kí ẹ bi."

"Wọ́n á ní ara le koko ni."

"Ẹ wá bi wọ́n lójúkojú, nígbà náà."

N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Aránṣọ ló sọ ọ́ fún mi: "Ọ̀sán ni. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó dúró síwájú wọn, kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá ní, 'Ta nìyẹn?' Ó kúnlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀, wọ́n di àgbọ̀n rẹ̀ mú, wọ́n yí ojú rẹ̀ sápá òsì, síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, bí ẹni ń yẹ kòkó wò. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, 'O ti gbó, ọmọ mi.' Ó ní, 'Ẹ̀yin náà.' Èmi, mo wọlé lọ."

Ọmọ náà gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Èyí tó ti lọ kò ṣe é gbà padà. Dókítà fún wọn ní oògùn tí wọn yóò máa kán sí ti òsì, bóyá yóò dúró díẹ̀. Ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun lọ, wọ́n kọ̀. Nígbà tí ààyè tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ pé, ó padà.

Mo lọ kí wọn lẹ́yìn náà. Aránṣọ ti lọ sọ́jà, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Mo kí wọn, wọ́n mọ ohùn mi.

"O ò kọ ọ́," ni wọ́n wí.

"N kò kọ ọ́, Bàbá."

"Ọmọ mi sọ fún mi ohun tó rí nínú fọ́tò rẹ."

Mo dúró de ìbínú, kò wá. Wọ́n na ìgò oògùn sí mi, wọ́n ní tí òun bá kán an fúnra òun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń bọ́ sí. Mo kán an fún wọn. Wọ́n dijú, wọ́n gbórí sẹ́yìn. Ìgbà tó ṣe, mo gbé báàgì mi, nítorí ọkọ̀ Àkúrẹ́.

"Jókòó díẹ̀ sí i," ni wọ́n wí.

Mo gbé báàgì náà sílẹ̀.